Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Ẹgbẹ́ Eléré Họ́kì Kọ́ Lábẹ́ Ààlà Owó

Nígbà tí ìwé yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo wa mọ̀, òun ni a sì ń jà sí. Ṣùgbọ́n bí a ti rò ó síwá-sẹ́yìn, a rí i pé ẹni tí ó bá sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, àríyànjiyàn ni yóò gbé lọ sílé. Nítorí náà ni a ṣe yan eré kan tí ó jìnnà sí wa, èyí tí a kò lè ṣe ní ilẹ̀ wa àfi bí a bá rí ilé tí ẹ̀rọ ń sọ omi inú rẹ̀ di yìnyín. Àwọn kan nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń gbé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọ̀ràn ẹgbẹ́ họ́kì ìlú náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Blackhawks, ni a fẹ́ bá yín sọ: bí wọ́n ti ṣe àdéhùn, bí wọ́n ti ṣírò owó, bí ẹgbẹ́ tí ó ti wó ṣe dìde, tí ó jọba, tí ó sì tún wó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ eré náà ní ṣókí. Ènìyàn mẹ́fà-mẹ́fà ni ó ń kojú ara wọn lórí yìnyín: aṣọ́lé kan, ẹni méjì lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ẹni mẹ́ta lọ́wọ́ iwájú. Bàtà tí ó ní irin bí abẹ lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Ọ̀pá tí ó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n sì fi ń lé róbà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri. Eré náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kì í sábà dúró lórí yìnyín ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ kí ẹlòmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní akọni méjì tàbí mẹ́ta, tí ìyókù rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan, kò lè lọ jìnnà. Ẹni 20 ni ó ń múra fún eré lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ sì lè ní ẹni 23 nínú ìwé rẹ̀. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. Àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ náà ni National Hockey League, ife fàdákà tí wọ́n sì ń dù ni Ife Stanley.

Ní ayé àtijọ́, ẹgbẹ́ tí ó bá lówó jù a máa gba akọni tí ó bá wù ú, ẹgbẹ́ ìlú kékeré a sì máa wò ó bí ẹni ń wo ọbẹ̀ aládùúgbò. Ọ̀ràn yìí di ìjà láàrin àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ àti àwọn eléré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré síta. Kò sí ẹni tí ó gbà fún ẹnìkejì, gbogbo sáà 2004-05 sì ṣègbé. A kò gbé ife náà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n parí ìjà ní oṣù keje 2005, wọ́n fi òfin lélẹ̀ pé owó tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí ọ̀yà gbogbo eléré rẹ̀ yóò ní ààlà. Mílíọ̀nù 39 dọ́là ni ààlà náà ní sáà àkọ́kọ́. Bí owó tí ń wọlé fún Àpapọ̀ bá pọ̀ sí i, ààlà a sún sókè. Wọ́n sì fi iye mìíràn sí ìsàlẹ̀, tí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ná dín sí, kí ahun má baà kó owó ìwọlé sápò kí ó sì kó aláìmọ̀ṣẹ́ jáde sí gbangba.

Àwọn eléré pẹ̀lú rí tiwọn gbà nínú àdéhùn yẹn. Tẹ́lẹ̀ rí, eléré ní láti tó ẹni ọdún 31 kí ó tó lè di òmìnira pátápátá, tí yóò lè lọ sí ẹgbẹ́ tí ó bá wù ú nígbà tí ìwé àdéhùn rẹ̀ bá parí. Òfin tuntun fa ọjọ́ orí náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 27 ní ọdún 2008. Ẹni tí ó bá sì ti ṣiṣẹ́ fún sáà méje kò ní láti dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ọjà àwọn òmìnira máa ń ṣí. Àwọn ọ̀dọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ tí ó bá yan ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 18 ni yóò ní i, àdéhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti ọdún mẹ́ta, òfin sì ti fi òpin sí owó tí a lè fún un, bí ó ti wù kí ó mọ eré náà tó. Níhìn-ín ni àṣírí gbogbo iṣẹ́ alákòóso wà. Ẹni tí ó ní ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ẹni mílíọ̀nù mẹ́fà, tí owó ìpìlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì tó mílíọ̀nù kan lọ́dún, ti ní ọdún mẹ́ta láti fi owó tí ó ṣẹ́kù pe àwọn òmìnira wá bá wọn. Bí ọdún mẹ́ta bá pé láìjẹ ife, àǹfààní náà ti lọ.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dá àjọ yóò tètè mọ ohun tí a ń wí. Iye tí ẹ ó kó kò ju iye tí ẹ jọ dá lọ. Ohun tí ó ń ya ọlọ́gbọ́n sọ́tọ̀ ni oṣù tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ó kó tirẹ̀. Owó gbogbo ẹgbẹ́ dọ́gba lábẹ́ ààlà, nítorí náà ọdún tí àdéhùn kọ̀ọ̀kan yóò parí ni ó yẹ kí alákòóso máa kà lálẹ́ kí ó tó sùn.

Nísinsìnyí a dé Chicago. Láti ọdún 1998 títí di 2008, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà wọ ìfigagbága ìparí sáà, ní ọdún 2002. Wọn kò jẹ Ife Stanley láti ọdún 1961. William Wirtz, tí ó ni ẹgbẹ́ náà, kì í jẹ́ kí a fi eré tí wọ́n bá ṣe nílé hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ìlú wọn, nítorí ó gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó kí ó wá san owó ẹnu ọ̀nà. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án 2007, ọmọ rẹ̀ Rocky sì yí àṣà náà padà kíákíá. Ṣùgbọ́n irúgbìn ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Wọ́n ti yan Duncan Keith ní 2002, Brent Seabrook ní 2003, Jonathan Toews ní 2006 gẹ́gẹ́ bí ẹnìkẹta nínú gbogbo ọ̀dọ́ ọdún náà, àti Patrick Kane ní 2007 gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe orí ìlà iwájú nìkan ni wọ́n ti rí ènìyàn: Dustin Byfuglien, ọkùnrin gìrìwò tí kò sí ẹni tí ó lè ṣí i nídìí níwájú ilé, ẹni 245 ni ó jẹ́ nígbà tí wọ́n yàn án ní 2003.

Nígbà tí Toews àti Kane wọlé ní ọdún 2007 pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́ta ọ̀dọ́, aago bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Alákòóso, Dale Tallon, gbọ́ ọ. Ní oṣù keje 2008 ó lọ sí ọjà àwọn òmìnira, ó sì mú Brian Campbell, eléré ọwọ́ ẹ̀yìn, fún ọdún mẹ́jọ, ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là lọ́dún. Ó mú aṣọ́lé Cristobal Huet fún ọdún mẹ́rin, ní mílíọ̀nù 5.6 lọ́dún. Ní oṣù keje 2009 ó mú Marian Hossa, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó sì fún un ní àdéhùn ọdún méjìlá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òfin ìgbà náà ni pé a ó pín gbogbo owó àdéhùn sí iye ọdún rẹ̀, ìdá tí ó bá bọ́ sí ọdún kan ni a ó kà sí ẹgbẹ́ lọ́rùn. Bí a bá fa àdéhùn gùn títí dé ọjọ́ ogbó, tí a fi owó kékeré sí àwọn ọdún ìkẹyìn, ìdá ọdọọdún a fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Hossa ṣe di mílíọ̀nù 5.3 lọ́dún nínú ìwé, nígbà tí owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn tuntun ti ọdún 2013 ti ilẹ̀kùn yìí: lábẹ́ àdéhùn yẹn, ẹgbẹ́ kò lè fún eléré ara rẹ̀ ju ọdún mẹ́jọ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fún òmìnira láti ibòmíràn ju méje lọ.

Ó dà bí ẹni pé Tallon ti ka gbogbo nǹkan yé, àfi ohun kan. Ààlà owó tí ó ti ń fò sókè lọ́dọọdún, láti 39 dé mílíọ̀nù 56.7 ní sáà 2008-09, dúró gbagidi nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dàrú. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, 56.8 ni. Ẹni tí ó ti ṣe ìlérí lórí owó tí kò tíì wọlé rí i pé kò wọlé. Ní ìgbà kan náà, àwọn ìwé kan tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ eléré rẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wọn, ọ̀ràn náà sì tún gbówó lé wọn. Ní oṣù keje 2009 yẹn ni wọ́n gba ipò alákòóso lọ́wọ́ Tallon, wọ́n sì fi Stan Bowman sí i. Ìdájọ́ tiwa ni pé ẹni tí ó kọ́ ilé náà gan-an ni wọ́n lé jáde ní ọdún tí ó kù kí a fi òrùlé lé e, ṣùgbọ́n àwọn gbèsè tí ó fi sílẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2010, ní ìlú Philadelphia, nínú àsìkò àfikún, Kane ta róbà kan wọlé láti ẹ̀gbẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ rí i pé ó ti wọlé. Òun nìkan ni ó ń sáré jó lọ. Báyìí ni Chicago ṣe jẹ ife lẹ́yìn ọdún 49. A ní láti sọ pẹ̀lú, kí a má baà dà bí ẹni tí ń fi aṣọ bo egbò, pé ní ọdún 2021 ìwádìí fi hàn pé ní àkókò ayọ̀ yẹn gan-an, àwọn alágbára ẹgbẹ́ náà gbọ́ ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tí ọ̀dọ́ eléré kan fi kan ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ni, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà tì títí a fi gba ife. Bowman fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2021 nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìṣirò. Ọdún mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ ti pé. Láti oṣù kejìlá 2009 ni ẹgbẹ́ ti bá wọn ṣe àdéhùn tuntun tí yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn sáà náà: Kane mílíọ̀nù 6.3 lọ́dún, Toews 6.3, Keith 5.5. Ẹ kó Campbell, Hossa àti Huet lé e, ẹni mẹ́fà péré ti jẹ mílíọ̀nù 36 nínú ààlà 59.4. Àwọn ẹ̀bùn tí a ti ṣèlérí fún àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n bá ṣe dáadáa, tí wọ́n sì ti ṣe dáadáa, lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, òfin sì yọ ọ́ kúrò nínú ààlà ọdún tí ń bọ̀. Ìyókù kò tó 20, èyí tí wọn yóò fi bọ́ ẹni bíi mẹ́tàdínlógún. Ìṣẹ́gun gan-an ni ó mú gbèsè náà wọlé.

Kí oṣù kẹfà tó parí, wọ́n ti kó Byfuglien lọ sí Atlanta pẹ̀lú àwọn mìíràn. Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ ní ọjọ́ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, Akim Aliu, tí a bí ní Ọ̀kẹ́nẹ́ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, tí Chicago ti yàn ní 2007. Orúkọ rẹ̀ kò gba ààyè púpọ̀ nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà wà nínú ẹrù pàṣípààrọ̀ náà. Kris Versteeg lọ sí Toronto, Andrew Ladd lọ sí Atlanta. Huet, tí ẹlòmíràn ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n yá fún ẹgbẹ́ kan ní Switzerland kí owó rẹ̀ lè kúrò nínú ìwé. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí òfin tún dí ní 2013 ni èyí pẹ̀lú.

Èyí tí ó dùn wá jù nínú ìtàn náà ni ti aṣọ́lé Antti Niemi. Ará Finland ni, kò sí ẹgbẹ́ tí ó yàn án nígbà èwe rẹ̀, òun ni ó sì ṣọ́lé títí a fi gba ife. Niklas Hjalmarsson, ọ̀dọ́ eléré ọwọ́ ẹ̀yìn, kò tíì di òmìnira pátápátá, ṣùgbọ́n òfin gba ẹgbẹ́ mìíràn láyè láti fi ìwé owó ránṣẹ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀; bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lè san iye náà, yóò dá a dúró, bí kò bá lè san án, yóò yọ̀ǹda rẹ̀. San Jose fi ìwé mílíọ̀nù 14 fún ọdún mẹ́rin ránṣẹ́ sí Hjalmarsson ní oṣù keje. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Chicago san án, nítorí ọwọ́ ẹ̀yìn rere ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílàjà dájọ́ pé kí a fún Niemi ní mílíọ̀nù 2.75 fún ọdún kan, kò sí ohun tí ó kù nínú àpò. Wọ́n yọwọ́ lọ́rùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, kò tíì pé oṣù méjì tí ó gbé ife sókè. Ibo ni ó sì lọ? San Jose náà ni, fún mílíọ̀nù méjì. Àwọn kan wí pé ìwà àìmoore ni. Àwa rò pé bí a bá fi ara wa sí ipò alákòóso náà, a ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, a ó sì jìyà ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2011 wọ́n kó Campbell pàápàá lọ sí Florida, níbi tí ẹni tí ó gbà á ti jẹ́ Dale Tallon, ẹni kan náà tí ó kọ ìwé ọdún mẹ́jọ rẹ̀.

Lóòótọ́, sáà tí ó tẹ̀lé e le fún wọn. Wọ́n ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Vancouver. Ṣùgbọ́n Bowman ti kọ́ ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí a yìn. Kì í ta ènìyàn lásán. Ó ń gba ọ̀dọ́ tàbí ẹ̀tọ́ yíyàn ọ̀dọ́ dípò. Nick Leddy, tí ó gbà ní 2010 nígbà tí ó jọ̀wọ́ Cam Barker fún Minnesota, di òpó ọwọ́ ẹ̀yìn. Corey Crawford, tí wọ́n ti yàn láti 2003 tí ó sì ti ń dúró pẹ̀lú sùúrù, gba ilé ṣọ́. Brandon Saad àti Andrew Shaw, tí wọ́n yàn ní 2011, wá pẹ̀lú owó ọ̀dọ́. Nígbà tí Chicago tún gba ife ní 2013, tí wọ́n jẹ gólì méjì sí Boston láàrin ìṣẹ́jú àáyá 17 ní òpin eré, ẹni mẹ́jọ péré ni ó kù nínú àwọn ti 2010. Wọ́n tún gba á ní 2015. Láàrin ọdún mẹ́fà, ìgbà mẹ́ta. Lábẹ́ òfin tí a ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà jọba pẹ́.

Báwo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe wó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń nàka sí Toews àti Kane. Ní oṣù keje 2014 ẹgbẹ́ ṣe àdéhùn ọdún mẹ́jọ pẹ̀lú wọn, mílíọ̀nù 10.5 lọ́dún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti sáà 2015-16. Ààlà sáà náà jẹ́ 71.4. Àwọn méjì kó 21, ó ku 50.4 fún ẹni 21 tí ó kù nínú ìwé, èyí tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 2.4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹrù wúwo ni, ṣùgbọ́n a kò dá wọn lẹ́bi fún un. Akọni tí ó wà ní ẹni ọdún 26 tí a sì ti fi ojú rí iṣẹ́ rẹ̀, bí ìwọ kò bá san án, ẹlòmíràn yóò san án.

Àwọn àdéhùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ti àwọn méjì wọ̀nyí ni àwa ń bá wí. Bryan Bickell ṣe gudugudu méje nínú ìfigagbága 2013, wọ́n sì fi ìdùnnú fún un ní mílíọ̀nù 16 fún ọdún mẹ́rin. Kò pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. A wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé àrùn iṣan ni ó ń bá a jà, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àánú wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2016, kí ẹgbẹ́ kan tó gbà láti gbé owó rẹ̀, Chicago ní láti fi Teuvo Teravainen lé e lọ́wọ́, ọ̀dọ́ ẹni ọdún 21 tí ó mọ róbà fi ránṣẹ́. Carolina gbà wọ́n, Teravainen sì di ọ̀kan nínú àwọn òpó ilé wọn. Ṣáájú èyí, ní oṣù kẹfà 2015, a ti kó Saad lọ sí Columbus nítorí pé àdéhùn ọ̀dọ́ rẹ̀ parí ní ọdún tí owó Toews àti Kane bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí ń bọ̀ ni a fi ń san gbèsè ọdún mẹ́ta tí ó kọjá.

Ti Seabrook ni ó sì le jù láti dá. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, lẹ́yìn ife kẹta, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ tuntun, mílíọ̀nù 6.875 lọ́dún, tí yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá ti lé ní ẹni ọdún 31. Ọkùnrin yìí ti fi ara rẹ̀ dí róbà fún wọn fún ọdún mẹ́wàá. Bí a bá wí fún un pé ọjọ́ ti lọ, ojú yóò tì wá. Ṣùgbọ́n egungun ènìyàn kì í ka ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn oṣù kejìlá 2019 kò tún lè gbá mọ́, ó sì kéde rẹ̀ ní oṣù kẹta 2021, ọdún mẹ́ta sì kù tí owó rẹ̀ yóò fi wà nínú ìwé. Ọ̀rẹ́ wa kan, tí ó jẹ́ oníṣòwò, bá wa jiyàn lórí èyí pé ìmoore kì í ṣe gbèsè. A dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà láti fi ìmoore hàn: kí a san owó tí ó pọ̀ fún ọdún mẹ́rin, kí a má ṣe san owó tí ó mọ níwọ̀n fún ọdún mẹ́jọ. Ọdún ni ó ń pa ẹgbẹ́. Kò gbà, àwa náà kò sì yí padà.

Ní 2016 àti 2017 wọ́n ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́. Ní 2018 wọn kò tilẹ̀ wọ ìfigagbága ìparí. Àìsàn awọ ara ti mú Hossa kúrò lórí yìnyín. Nígbà tí àrùn kòrónà sì dé, ààlà owó dúró lórí 81.5 fún sáà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣèlérí púpọ̀ sì há sínú rẹ̀ bí ẹran inú tàkúté.

Kyle Davidson, tí wọ́n fi joyè alákòóso ní oṣù kẹta 2022, ṣe ohun tí ẹni tí ó gbójú ni ó lè ṣe é: ó wó ìyókù ilé náà palẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi Brandon Hagel fún Tampa Bay, ó sì fi Alex DeBrincat, tí ó ta gólì 41 ní sáà náà, fún Ottawa, kí ó lè gba ẹ̀tọ́ yíyàn ọ̀dọ́. Ó rántí pẹ̀lú pé ẹgbẹ́ tí kò ní gbèsè lè fi àyè inú ìwé rẹ̀ ṣòwò. Toronto ní aṣọ́lé kan, Petr Mrazek, tí owó rẹ̀ ń ni wọ́n lára. Davidson gbà á ní oṣù keje 2022, owó orí tí ó sì gbà fún àánú yìí ni pé kí wọ́n pààrọ̀ ipò yíyàn, tirẹ̀ tí ó jẹ́ 38 fún tiwọn tí ó jẹ́ 25. Kò ná kọ́bọ̀ lórí ènìyàn rere kan láti rí ọ̀dọ́ rere gbà. Àyè òfìfo ni ó tà. Kane lọ sí New York ní oṣù kejì 2023, Toews sì kúrò nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí. Ní oṣù karùn-ún, ìbò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ yan Connor Bedard.

Ọjà àwọn òmìnira ní ọdún ìkọ́lé kì í ṣe ti ọdún ìṣẹ́gun. Ohun tí Davidson ń wá ní ọjà ni àgbà tí yóò kọ́ àwọn ọmọ, fún ọdún díẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023 ó gba Taylor Hall àti ẹ̀tọ́ láti bá Nick Foligno sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Boston, tí owó ti há lọ́rùn, ohun tí ó sì fi sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024 ó mú òmìnira kan wá fún ọdún mẹ́ta, ní mílíọ̀nù 5.4 lọ́dún. Teuvo Teravainen ni, ẹni tí ó ku díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ti fi ṣe èènì fún Carolina ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú.

Wọn kò tíì yára dìde. Ní sáà 2024-25 ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn wọn nínú 32. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ẹ máa fi ojú sí ni èyí. Àdéhùn ọ̀dọ́ Bedard, tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan, ni a kọ kí ó parí pẹ̀lú sáà 2025-26. Ní oṣù kìíní 2025 Àpapọ̀ kéde pé ààlà yóò di 95.5 ní 2025-26, 104 ní sáà tí ó tẹ̀lé e, àti 113.5 ní 2027-28. Bí a bá fún ẹnì kan ní ìpín tí Toews gbà nínú ààlà ọdún 2015, iye náà yóò lé ní mílíọ̀nù 15 nínú 104. Etí yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 88 ni yóò ṣẹ́kù fún ẹni 22. Nígbà tí Hossa àti Campbell wọlé, ààlà tí a retí kò dé. Alákòóso tí ó bá ń kọ ìwé yìí ní láti pinnu bóyá èyí tí a kéde fún un yóò dé, kí ó sì kọ iye ọdún sí i kí ó tó kọ iye owó. A rí i pé alága ti wo aago lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Chicago, a wà níhìn-ín láti dáhùn.